Amọ̀ Ẹnu Àgbá

“Ogójì ọjọ́ ni mo fi se epo rọ̀bì kan rí, mi ò dé e. Nígbà tí mo bojú wò ó, ó mọ́ débi pé ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, ó tún kí mi.”

Gimun ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀, ó fẹ̀yìn ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ojú gbogbo àwọn tó kù wà lára ìgò epo tí Mbah Trimo, àgbà tó ń bójú tó kànga epo rọ̀bì Wonocolo, gbé sórí òkúta gbígbóná lẹ́bàá ààrò Paini.

Ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Paini sílẹ̀ láàárọ̀ náà ni. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé bí eṣinṣin bá bà lé e léjìká, àfàìmọ̀ kó má wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè dùbúlẹ̀. Ẹni tí epo rẹ̀ bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á gba ààrò rẹ̀ fún ẹlòmíràn, tiẹ̀ sì ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó kọjá.

Epo tó dáa á pọ́n bí oyin lórí òkúta yẹn títí sìgá kan á fi jó tán. Èyí tí afẹ́fẹ́ bá kàn nígbà tó ń hó nínú àgbá, á dúdú, á ki, á máa fà bí oje igi. Sìgá Mbah ò tíì jó dé ìdajì tí epo Paini fi dúdú ju ìdí ìkòkò baba ńlá wọn lọ.

“Nduk, ọmọ mi,” Mbah wí, “amọ̀ rẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.”

Paini wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọdún méjìlá ló ti ń fi amọ̀ àti eérú dí ẹnu àgbá.

“Bóyá ọwọ́ mi ló ti darúgbó, Mbah. Ẹ má bínú.”

“Ọwọ́ náà ni, Yu, ẹ̀gbọ́n mi,” Gimun wí. “Èmi tí mo bá yín ṣọ́ àgbá lánàá nígbà tí ibà ń ṣe yín, mi ò ṣẹ́jú látàárọ̀ dalẹ́.”

“Mun, ta ló bi ọ́?” Mbah dá a lẹ́kun.

Ó ní kí wọ́n ṣí àgbá tó ti tutù náà. Paini fúnra rẹ̀ ló gbé àdá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àdá ta padà kí amọ̀ tó ṣí kúrò, odindi, bí òrùka. Wọ́n wa ọ̀dà ìsàlẹ̀ jáde. Ẹja àrọ̀ kan bá a jáde, ó dúdú bí èédú, wáyà táyà kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá.

Gbogbo ojú yí sí kẹ̀kẹ́ Gimun. Wáyà kan ò sí nínú táyà iwájú.

“Ṣé òun ló kí ọ?” Mbah bi í.

“Mo kàn ní kí n dín in ni, Mbah. Ihò kékeré tó wà lókè àgbá yẹn ni mo ṣí, kò pẹ́ rárá. Ó já bọ́ ni.”

Paini jókòó sílẹ̀, ó gbé òrùka amọ̀ náà lé itan. Ojú ìka rẹ̀ ṣì hàn lára rẹ̀ yípo, kò sí ibi tó sán. Ó rántí ọjọ́ tó lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóṣù tó kọjá, àti ẹni tó bá a ṣọ́ àgbá.

“Mun,” ó rọra pè é, “toṣù tó kọjá ńkọ́? Kí lo dín?”

Gimun ní òun ń lọ mú iyọ̀ tí wọ́n á fi jẹ ẹja náà wá. Ó ti sáré dé ìsàlẹ̀ òkè kó tó rántí pé òun ní kẹ̀kẹ́.