Ààbọ̀ Hóró Kan

Kí nọ́ọ̀sì Toyyibah tó la ẹnu, Hasanat ti mọ ohun tó máa sọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà tó so mọ́ apá Mùsílímátù. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo Mùsílímátù, ó tún wo ẹ̀rọ náà bí ẹni pé ẹ̀rọ ló ń parọ́.

"Ìyá wa, ṣé ẹ ń lo oògùn yín báyìí?"

"Lójoojúmọ́ ayé, ọmọ mi. Mi ò fo ọjọ́ kan rí."

"BP yín ò wálẹ̀ o. Ó tiẹ̀ tún gòkè sí i ni."

Hasanat mí kanlẹ̀. Ọmọ Mùsílímátù ni. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ìkòròdú ló ń gbé, níbi tó ti ń rán aṣọ iléèwé ní àdúgbò Benson. Ó pẹ́ tó ti ń tu owó jọ kí ìyá rẹ̀ lè rí Mẹ́kà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ ìrìn. Owó ti pé, ìwé ìrìnnà ti jáde, orúkọ ti wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ló jókòó sójú ọ̀nà bí ẹni tó ń gba owó ibodè.

Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní òun fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Bí kò bá wálẹ̀ nígbà náà, òun ò ní fọwọ́ sí i pé ara Mùsílímátù le tó fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò sì jókòó sí àyè rẹ̀ nínú bàálù.

"Ohun tí Ọlọ́run bá kọ ni," Mùsílímátù wí bí wọ́n ṣe ń jáde.

"Ọlọ́run ti kọ tirẹ̀, Màámi. Oògùn ló kù tí ẹ máa lò!"

"Mo ń lò ó."

Ohun tó ń bí Hasanat nínú gan-an nìyẹn. Ìyá rẹ̀ kì í parọ́. Oògùn náà sì ń tán lóòótọ́, torí òun ló ń rà á lóṣooṣù, owó rẹ̀ sì ń gòkè bí ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣe ń gòkè. Oògùn ń lọ, àìsàn ò lọ. Irú ìṣirò wo nìyẹn?

Ó kọ́kọ́ bá iyọ̀ jà. Gbogbo iyọ̀ àti magí inú ilé ìyá rẹ̀ ló kó dà nù. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí rédíò. Ẹja yíyan ni Mùsílímátù ń tà, ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ ọ lórí ọ̀rọ̀ owó epo bẹntiróòlù, ìbò tó ń bọ̀ àti ogun àwọn ìlú tí kò lè pe orúkọ wọn, wàá rò pé òun ni wọ́n máa ń pè kí wọ́n tó pinnu. Hasanat ní ìròyìn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè. Ó yọ bátìrì inú rédíò náà, ó kó o sínú báàgì rẹ̀, ó gbé e lọ sí Ìkòròdú. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Mùsílímátù ti wà ní ilé kejì, níbi tí rédíò wọn ti ń pariwo ju tirẹ̀ lọ.

Afọlábí, ọkọ Hasanat, ọmọ Òṣogbo jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ló tún wá dá kún un. Ó ní, "Àbí ayédèrú ni oògùn yẹn?" Hasanat ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gba kẹ́míìsì tó wà ní Benson lọ, ó sì tú ilé náà ká. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé páálí jáde, ó fi nọ́ńbà tó wà lára páálí náà hàn án, ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, fóònù dáhùn pé ojúlówó ni. Lójú gbogbo àwọn tó ń ra parasitámọ́ọ̀ ni Hasanat ti bẹ̀ ẹ́. Ìtìjú yẹn nìkan tó láti gbé BP èèyàn sókè.

Àwọn àgbà ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ìsàlẹ̀. Òkè ni Hasanat ń wò látọjọ́ yìí. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní Ìkòròdú Garage. Títí wọ́n fi kọjá Ìtóìkín ni àwọn èrò ọkọ̀ ń jiyàn lórí owó epo, tí awakọ̀ ń wí pé, "Ẹ má sọ̀rọ̀ epo sí mi létí, èmi ni mò ń rà á!" Hasanat ò dá sí i. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ju ti epo lọ.

"Kí lo wá ṣe?" ìyá rẹ̀ bi í nígbà tó rí báàgì rẹ̀.

"Mo wá ṣọ́ yín ni."

"Bí ẹran?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Bí ẹran."

Rọ̀kíbátù, ìyálé Mùsílímátù, rẹ́rìn-ín lórí àga tó jókòó sí. Ọkọ wọn, Bàbá Sànní, ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin méjèèjì ò túká. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì jọ ń yan ẹja lórí ààrò kan náà. Ìyá Àgbà ni Hasanat ń pè é láti kékeré.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Hasanat ń wé gèlè rẹ̀ nínú yàrá nígbà tó gbọ́ ìró ọ̀bẹ lórí pátákó. Kọ̀! Ó yọjú. Mùsílímátù lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi ń la ẹja. Kì í ṣe ẹja ló wà lórí pátákó. Hóró oògùn ni. Ó ti là á sí méjì gééré, bí ẹni tó ti ṣe é títí tó fi mọ́ ọn lára. Ó fi ààbọ̀ kan sí àtẹ́lẹwọ́ Rọ̀kíbátù, ó ju ààbọ̀ kejì sẹ́nu ara rẹ̀. Ife omi kan ṣoṣo ni wọ́n jọ mu.

"Màámi! Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

Mùsílímátù ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. "À ń lo oògùn."

"Oògùn ta ni?"

"Oògùn ilé yìí."

Rọ̀kíbátù gbé ọ̀pá rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n lọ wo àwọn adìẹ," ó wí, ó sì rọra fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Hasanat fi ọwọ́ méjèèjì ká orí. "Oògùn kì í ṣe ẹran Iléyá tí à ń pín káàkiri, Màámi! Hóró kan ni dókítà kọ. Hóró kan odidi ni kí ẹ gbé mì! Mò ń pa ara mi, mò ń pariwo lé ọlọ́ja lórí, mò ń jí bátìrì kó bí olè, ẹ̀yin wá ń la oògùn bí ẹni ń la obì!"

"Dókítà ò mọ ilé wa," ni ìyá rẹ̀ fi dá a lóhùn. "Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti gbé mi wọlé, kò sí ohun tó wọ ilé yìí tí ẹnu kan dá jẹ. Ìyálé mi ní irú àìsàn tí mo ní. Nọ́ọ̀sì kan náà ló wọn tiwa. Ṣé kí n wá máa gbé oògùn mì lójú wọn, kí wọ́n máa wò mí lẹ́nu?"

"Ùsámà ńkọ́?"

Mùsílímátù wo ẹ̀yìnkùlé kó tó rẹ ohùn sílẹ̀ pé, "Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orúkọ yẹn." Ùsámà ni ọmọ kan ṣoṣo tí Rọ̀kíbátù bí. Ó ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sókè òkun. Fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ nílé náà bí kò ṣe nínú àdúrà.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ sọ fún mi?" Hasanat bi í. Inú ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ǹ bá ti máa ra tiwọn."

"Mo mọ̀. Wọn ò ní lò ó. Bí o bá rà á fún wọn, àánú lo ṣe wọ́n. Bí mo bá bá wọn pín in, ohun ilé ni."

Hasanat lọ ra páálí méjì. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọ̀kan fún Rọ̀kíbátù.

"Ọlọ́run á bù sí i fún ẹ, ọmọ mi," obìnrin náà wí. "Gbé e fún ìyá rẹ."

"Tiyín ni, Ìyá Àgbà."

"Mo gbọ́. Gbé e fún ìyá rẹ."

Láàárọ̀, Mùsílímátù mú hóró kan nínú páálí kìíní, ó mú òmíràn nínú ìkejì. Kọ̀. Kọ̀. Ó la méjèèjì. Ó kó ààbọ̀ méjì fún ìyálé rẹ̀, ó kó ààbọ̀ méjì sẹ́nu ara rẹ̀.

Hasanat fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Màámi, ẹ mú ọ̀kan, kí wọ́n mú ọ̀kan! Kí ni ọ̀bẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ṣé ó pé àbí kò pé?"

"Ó pé."

"Kí ló wá ń dùn ọ́?"

Kò sí ohun tó ń dùn ún. Ìyá rẹ̀ kàn máa pa á ni.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ Mùsílímátù ti wálẹ̀, ti Rọ̀kíbátù náà ti wálẹ̀, dókítà sì fọwọ́ sí ìwé. Ayọ̀ ò jẹ́ kí Hasanat dúró lójú kan. Ó ń jó, ó ń dúpẹ́, ó tún ń bá ọkùnrin kan tó fẹ́ já orí ìlà jà. Nọ́ọ̀sì Toyyibah ń wò ó.

"Àǹtí, ẹ jókòó. Ẹ gbé apá yín wá."

"Èmi? Kí ló ṣe mí?"

Ohun tó ṣe é hàn lára ẹ̀rọ. Tirẹ̀ ga ju ibi tí ti ìyá rẹ̀ dé rí lọ. Dókítà kọ oògùn fún un, oògùn kan náà. Mùsílímátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Àṣé ṣòjà tó ń ṣọ́ mi gan-an ló yẹ ká máa ṣọ́! Bátìrì rédíò mi dà?"

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Gbọ́, Hasanat. Ọ̀dọ̀ rẹ ni Ìyálé mi máa wà títí n ó fi dé. Bí kò bá sí ẹni tó máa bá wọn pín in, mi ò lọ."

"Mo gbọ́, Màámi," Hasanat dáhùn kíákíá. Bí wọ́n bá ní kó gbé ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú lọ́jọ́ náà, á ní òun gbọ́.

Mùsílímátù lọ sí Mẹ́kà. Rọ̀kíbátù wá sí Ìkòròdú pẹ̀lú báàgì kan àti ọ̀pá rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, Hasanat gbé hóró oògùn kan odidi sórí àwo pẹlẹbẹ, ó gbé omi tì í, bí àwọn tí orí wọn pé ti ń ṣe é. Rọ̀kíbátù wò ó, ó dúpẹ́, ó ní tó bá yá. Nígbà tí Hasanat ti ṣọ́ọ̀bù dé, oògùn wà níbi tó wà. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Hasanat bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀, ó tún bẹ̀ ẹ́. Afọlábí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Dìde, ọkọ ọmọ mi," Rọ̀kíbátù wí. "Ara mi yá. Ẹ má da ara yín láàmú nítorí mi."

Kò bínú, kò yájú, kò sì gbé e mì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí obìnrin náà ní òòyì ń kọ́ òun, Hasanat gbé fóònù pẹ̀lú ìbínú, ó pe Mẹ́kà.

"Màámi, wọn ò lo oògùn o! Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti ṣe!"

Ariwo èrò pọ̀ lẹ́yìn Mùsílímátù. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti lo tìrẹ?"

Páálí tirẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò tíì já a rárá.

"Mi ò tíì ráyè."

"Ehn-ehn. O dá tìẹ sí, o wá ní kí wọ́n dá jẹ. Ọ̀bẹ wà nínú báàgì Ìyálé mi." Bí ó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni fóònù já.

Ọ̀bẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Aṣọ ni wọ́n fi wé e, òórùn ẹja ṣì ń jáde lára rẹ̀. Hasanat dúró, ó ń wò ó. Ó fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó máa pariwo lé lórí. Ó lọ mú páálí inú dúrọ́ọ̀ wá, ó já a. Ó gbé hóró tirẹ̀ àti ti Rọ̀kíbátù sórí pátákó, ó la ti àkọ́kọ́. Kò dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kan rún. Ó la ìkejì.

Rọ̀kíbátù ti sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. "Ọwọ́ rẹ le jù," ó wí. "Ìyá rẹ náà, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ó na àtẹ́lẹwọ́. Hasanat kó ààbọ̀ méjì sí i, ó kó ààbọ̀ méjì tó kù sẹ́nu ara rẹ̀. Ó mu omi náà dé ìdajì, ó sì gbé ife fún un.