Ẹsẹ̀ Kẹrin Irin Ìdìmú

Ó-kù-díẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń pe wẹ́dà kan tó ń jó irin pọ̀, kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá gbé iṣẹ́ fún un, tí o padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí yóò sọ kó tó kí ọ ni pé ó kù díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ o, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìparí iṣẹ́ ló máa ń sú u.

Ohun tó kó o sí wàhálà nìyẹn. Ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò ní kó ṣe irin ìdìmú sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, kí àwọn aboyún má baà já bọ́. Ó jó irin náà dáadáa títí ó fi ku ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ọ̀pá tó fi ń jó irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó sì ti ń wù ú kó lọ sílé. Ó fi ìwọ̀nba tó kù kan ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní bíńtín bíńtín. Ó wá mú ohun tí àwọn tó ń kun mọ́tò fi ń dí ihò, ó fi dí ojú ibẹ̀, ó sì fi ọ̀dà funfun bò ó. Iṣẹ́ náà dán lójú. Inú Mátírọ́ọ̀nù, ìyá àgbà tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, dùn débi pé ó ṣèlérí iṣẹ́ géètì ńlá fún un.

Kò pẹ́ sígbà náà, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí ọ̀rọ̀ kan wá sí i lọ́kàn: lọ tún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jó, kí o sì sọ ohun tí o ṣe fún Mátírọ́ọ̀nù. Kò lá àlá, kò gbọ́ ohùn. Ó kàn mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń bá òun wí, bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé òun gbàgbé iná sílẹ̀ nílé.

Ó gbọ́ràn lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe wù ú ló ṣe gbọ́ ọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí Mátírọ́ọ̀nù kò sí níbẹ̀ ló lọ. Ó sọ fún ọlọ́dẹ pé òun fẹ́ tún ọ̀dà kùn, ó sì tún ẹsẹ̀ mẹ́ta jó, wọ́n le koko. Ẹsẹ̀ kẹrin wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan tó kún fún fáìlì, tí wọ́n gbé síbẹ̀ lẹ́yìn tó parí iṣẹ́. Wọn ò lè gbé e láìkó fáìlì kúrò, ọwọ́ Mátírọ́ọ̀nù sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bó bá béèrè kọ́kọ́rọ́, ó di dandan kó sọ ìdí. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù náà títí, ó ní ta ló tiẹ̀ ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Nígbà tó ń relé, ó ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run fún òun ní ọkàn ìgbọràn. Ẹ ò rí ẹ̀tàn bí?

Láti ọjọ́ náà ni àdúrà ò ti lọ déédéé mọ́. Bó bá ti kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ kẹrin ni. Ó gbàdúrà fún aláìsàn, ó gbàdúrà fún arìnrìn-àjò, ó gbàdúrà fún ikọ́ tó ń ṣe pásítọ̀, ẹsẹ̀ kẹrin ò kúrò níbẹ̀. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lọ́jọ́ kan, ó ń wò ó.

"Kí ló dé tí ẹ ń gbàdúrà bí ẹni tó ń sá fún oníbàárà?"

Ó jókòó, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyàwó rẹ̀ ká aṣọ méjì sí i kó tó sọ̀rọ̀.

"Kí ni Ọlọ́run ní kí ẹ ṣe gan-an?"

"Kí n jó mẹ́rin, kí n sì sọ."

"Ẹ jó mẹ́ta, ẹ ò sì sọ. Èyí tó rọ̀ yín lọ́rùn lẹ ṣe yẹn."

"Tí wọ́n bá gba iṣẹ́ géètì lọ́wọ́ mi ńkọ́?"

"Géètì ló lọ yẹn. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá tibẹ̀ já bọ́, ṣé ẹ máa sọ fún wọn pé ẹ ti jó mẹ́ta?"

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó gba ọ́fíìsì Mátírọ́ọ̀nù lọ. Ó kí i, kò sì jókòó.

"Màmá, mo rẹ́ yín jẹ lórí irin òkè yẹn. Mi ò jó ẹsẹ̀ mẹ́rin dáadáa, mo fi ọ̀dà bò ó. Mo yọ́ wá tún mẹ́ta ṣe. Ìkan ṣì kù, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló wà."

Ìyá náà dìde. Ó yára jáde débi pé bàtà rẹ̀ kan bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, kò sì dúró mú un. Ó-kù-díẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé òkè, ó wo ibi tí ẹsẹ̀ kẹrin wà. Kọ́bọ́ọ̀dù ti kúrò níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ti gbé e wọlé láàárọ̀ yẹn, wọ́n sì ti to bẹ́ǹṣì síbẹ̀ kí àwọn aboyún lè máa gba atẹ́gùn. Àwọn aboyún náà ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, wọ́n ń bára wọn ṣàwàdà.

"Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Ẹ má tíì gòkè."

Ó-kù-díẹ̀ fi ẹsẹ̀ ti irin náà díẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹrin ṣí kúrò nílẹ̀, igun irin náà sì fì síta. Mátírọ́ọ̀nù rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Iṣẹ́ géètì yẹn, a máa gbé e fún ẹlòmíràn."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Ṣùgbọ́n o ṣeun tí o wá."

Ó ha ọ̀dà kúrò, ó jó ẹsẹ̀ náà yí po, ó tún lọ fi gbogbo ara ti mẹ́ta tó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ara ń tù ú. Géètì ti lọ o, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó tiẹ̀ rí i pé òun ń kọ orin lábẹ́nu. Ebi wá ń pa á, irú èyí tí kò pa á láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Aboyún kan tó ti dúró títí nísàlẹ̀ na ọrùn sókè.

"Ó-kù-díẹ̀, ṣé ó ṣì kù díẹ̀ ni?"

Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó sì sún kúrò lọ́nà fún wọn.

"Rárá, ìyá. Ó ti tán. Ẹ máa gòkè bọ̀."