Ilẹ̀ Tí Ìyá Nọ́fíù Pa

Bọ́ọ̀lù náà kò yà. Nọ́fíù dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà lókè níbi tó ti jù ú sílẹ̀, ó ń retí kó dé ìdajì ọ̀nà, kó sì tẹ̀ sí òsì bó ṣe máa ń tẹ̀. Kò tẹ̀. Ó yọ̀ lọ tààrà bí ọṣẹ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn igi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kọjá láìfara kan ẹyọ kan, ó sì wọ inú ewé kókò lọ.

Nọ́fíù bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ tutù. Ó ń dán, ó sì ń rùn bí ibi tí màlúù sùn mọ́jú.

"Ìyá mi! Ta ló fọwọ́ kan ibí yìí?"

Ròkíátù, ìyá rẹ̀, yọjú láti ilé ìdáná. Apá rẹ̀ méjèèjì ṣì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Èmi ni o. Èmi àti ìyàwó Bádéjọ. Lẹ́yìn ìrun alásárì àná la bẹ̀rẹ̀, a tún fi ọwọ́ kejì lé e láàárọ̀ yìí. Ìgbẹ́ màlúù la pò mọ́ omi èèpo irúgbá. Àbí kí àwọn àlejò wá láti Ìbàfò lọ́jọ́ kejì Iléyá, kí wọ́n wá bá ilẹ̀ gbẹrẹfu níbi tá a ti fẹ́ gbà wọ́n? Wọ́n á ní kò sóbìnrin nílé yìí."

Nọ́fíù wo ilẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò yẹn ní Ifọ̀ ló pa ilẹ̀ de ọdún. Ta ni yóò wá sọ fún obìnrin pé ó ṣe ohun tí kò dáa nítorí pé ó tọ́jú ilẹ̀ de àlejò?

"Ẹ ṣé, Ìyá mi," ó ní, ó sì lọ wá bọ́ọ̀lù rẹ̀ nínú ewé kókò.

Nígbà tí àwọn òyìnbó tó ń la títì tuntun láti Èkó lọ sí Ìbàdàn pàgọ́ sí Mòwé, wọ́n kọ́ ilé ìgbafẹ́ kan síbẹ̀, wọ́n tẹ́ pákó gbọọrọ sínú rẹ̀ fún eré kan tí wọ́n ń pè ní bóólìn. Igi mẹ́wàá tó rí bí ìgò á dúró ní ìparí pákó, èèyàn á sì yí bọ́ọ̀lù dúdú wíwúwo lọ bá wọn láti wó wọn lulẹ̀; ẹ̀ẹ̀mejì ni á jù ú kó tó kan ẹlòmíràn. Nọ́fíù ló ń to igi, òun ló sì ń fi òróró nu pákó nírọ̀lẹ́. Bí àwọn òyìnbó bá ti lọ jẹun, òun àti Múdàṣírù tó ń wa katapílà á bọ́ sórí rẹ̀, wọ́n á máa ta á.

Títì ti sún síwájú báyìí, àgọ́ sì ti kó tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó ti sán létí, àti igi mẹ́wàá, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Bàbá Adéyanjú, ọlọ́dẹ wọn. Àwọn méjèèjì ló wá tọrọ rẹ̀. Bàbá ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe obì, òun ò lè là á. Kí wọ́n ta á nígbà mẹ́ta: lórí pákó tó kù ní Mòwé, lórí síméńtì tí Múdàṣírù dà sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ìbàfò, àti lórí ilẹ̀ amọ̀ tí Nọ́fíù lù sẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ ní Ifọ̀. Ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mejì ni yóò gbé bọ́ọ̀lù lọ pátápátá.

Nọ́fíù borí lórí pákó. Síméńtì ló ṣe é bí ọ̀tá. Lórí síméńtì, bọ́ọ̀lù ń ké bí ọlọ, ó ń sáré tààrà, kò gbọ́ ti ọwọ́ tó yí i. Múdàṣírù, tí kò ní ọgbọ́n méjì ju kó jù ú gbọọrọ lọ, lù ú bolẹ̀ níbẹ̀. Nọ́fíù ò ka ìyẹn sí. Síméńtì ló jẹ̀bi. Amọ̀ gbígbẹ ló mọ̀, ó máa ń di bọ́ọ̀lù mú. Bí ọwọ́ bá ti yí i díẹ̀ nígbà tó ń kúrò, á yọ̀ lọ títí dé àárín, á wá ṣẹ́ kọ́rọ́ sí òsì, á wọ àárín igi iwájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn á sì dà wó. Ẹni tó bá sì jù ú tààrà, amọ̀ á ti jẹ agbára rẹ̀ tán kó tó débẹ̀. Ohun tó rò nìyẹn kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ sí Ìbàfò lónìí, ojú-ọ̀nà tó fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn lù yìí á di ibi tí wọ́n ń sá láfún.

Àwọn àlejò wọ ọkọ̀ dé Àgbàdo, wọ́n bá rélùweè wá. Ohùn Múdàṣírù ló kọ́kọ́ wọlé.

"Nọ́fíù, kú ọdún o! Ṣé ẹran wà? Bọ́ọ̀lù yẹn wúwo, n ò lè fi ebi gbé e délé."

"Ẹran wà. Ẹni tó bá pòfo náà ń jẹun nílé wa."

Bàbá Adéyanjú rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí àpótí. Múdàṣírù dọ̀bálẹ̀ fún Ròkíátù, ó bọ́ bàtà, ó sì rìn lórí ilẹ̀ tuntun náà lọ rìn bọ̀. Nígbà tó padà, àwàdà ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́, ilẹ̀ yìí tutù," ó rọra sọ. "Jẹ́ ká sún un di Sátidé tó ń bọ̀, kí ojú rẹ̀ ti gbẹ. N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé omi ló bá mi ta á."

"Ìwọ lo nilé, Nọ́fíù," Bàbá Adéyanjú ní. "Ẹnu rẹ la ń wò."

Ròkíátù dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú àwo ẹran lọ́wọ́. Ó ti gbọ́.

"Kí ló ṣe ilẹ̀ náà? Ṣé mo bà á jẹ́ ni?"

Àwọn obìnrin agbo ilé yíjú síbẹ̀. Ìyàwó Bádéjọ fi ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni Nọ́fíù nílò, bọ́ọ̀lù á sì dúró di Sátidé.

"Kò ṣe nǹkan kan, Ìyá mi. Ẹ jẹ́ ká ta á."

Nọ́fíù ò bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ mú igi méjì létí, ìkejì ò mú nǹkan kan. Múdàṣírù ò jù ú bó ṣe ń jù ú ní Ìbàfò. Ó rọra tú u sílẹ̀, bí ẹni ń gbé ọmọ sórí ẹní, ilẹ̀ dídán náà sì bá a gbé e lọ síbi tó rán an. Igi ń wó. Àwọn ará Ìbàfò ń pàtẹ́wọ́.

"Nọ́fíù, ṣé ìwọ lo ni ilẹ̀ yìí ni, àbí o yá a ni?" ọ̀kan nínú wọn pariwo.

Oòrùn wá mú. Ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, dídán rẹ̀ ń ṣí kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di bọ́ọ̀lù mú. Bọ́ọ̀lù Nọ́fíù yà! Igi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ròkíátù hó yèè láti ẹnu ọ̀nà, kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń kà. Nọ́fíù lé e, ó lé e, títí tó fi ku ìgbà ìkẹyìn. Múdàṣírù ti ta tirẹ̀ tán. Igi mẹ́sàn-án ni Nọ́fíù ń fẹ́ láti borí.

Ó dúró síbi tó ti máa ń dúró. Ó yí ọwọ́ bó ti máa ń yí i. Bọ́ọ̀lù yà, àmọ́ ó pẹ́ kó tó yà, igi mẹ́rin sì kù lórí ìdúró. Èkejì mú ọ̀kan. Bàbá Adéyanjú dìde láti orí àpótí rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù náà, ó gbé e lé Múdàṣírù lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun, Nọ́fíù ò lè mú un mọ́ra.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé kó o rọra jù ú?"

"N ò mọ̀. Mo wò ó ni." Múdàṣírù ń họ eegun. "Ní Mòwé ńkọ́? Ìwọ lò ń nu pákó. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, apá ọ̀tún á máa yọ̀, apá òsì á gbẹ. Lọ́jọ́ mìíràn kò ní rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ṣe bá a ni mo ṣe ń ta á. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?"

Kò fi ìjà sọ ọ́. Ó tún bu ẹran.

Nọ́fíù ò jẹun mọ́. Lójú ọkàn, ó rí aṣọ òróró lọ́wọ́ ara rẹ̀ ní Mòwé, bó ṣe ń fi í pẹ́ lápá ọ̀tún, tó sì ń yára kọjá lápá òsì, níbi tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ fẹ́ràn láti ṣẹ́ kọ́rọ́. Kò pète rẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń lọ síbẹ̀ ni. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé yìí náà, ta ló lù ú? Ó wá ibi tó ti borí rí lórí ilẹ̀ tí ẹlòmíràn tọ́jú. Kò rí.

Àwọn àlejò fi àpò ìrẹsì wé bọ́ọ̀lù, wọ́n lọ bá rélùweè ìrọ̀lẹ́. Ròkíátù wá jókòó tì í.

"Wọ́n ní díẹ̀ báyìí ló kù," ó ní, kò wo ojú rẹ̀. "Sọ fún mi, Nọ́fíù. Ṣé ilẹ̀ ni?"

"Rárá o, Ìyá mi. Ilẹ̀ yín dára. Èmi ni n kò tíì mọ̀ ọ́n ta."

Irọ́ ló rò pé òun fẹ́ pa fún un, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ tán ló mọ̀ pé kì í ṣe irọ́.