Ogójì Ìgò Gbẹ̀gìrì

Ohun tí kò bá yé Màsúdát kì í jẹ́ kó rí oorun sùn. Nígbà tó wà ní kékeré, ó ri ẹyin adìẹ mọ́ inú gàrí ìyá rẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá yóò pa. Ẹyin ò pa, gàrí bàjẹ́, wọ́n sì nà án. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún báyìí, àwọn tó ń ta èlò ọbẹ̀ ní ọjà Ipata ní Ìlọrin ṣì máa ń bú sẹ́rìn-ín tí wọ́n bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, torí ìbéèrè rẹ̀ máa ń ju ọjà tó fẹ́ rà lọ.

Lọ́dún yìí, Kamilah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, lóyún ní Minna lẹ́yìn ọdún méje nílé ọkọ. Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá bá òun wẹ ọmọ fún ogójì ọjọ́. Ta ni kò ní lọ? Àmọ́ Màsúdát àti Àáfà Yísà ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù nílé, Àáfà sì ní ọgbẹ́ inú. Láti ọdún mọ́kànlá ni kò ti fi ẹnu kan ọbẹ̀ ẹlòmíì. Èkọ ò ṣòro, ẹnikẹ́ni lè bá a rà á. Ọbẹ̀ gan-an ni wàhálà. Kò ní kí ìyàwó òun má lọ o. Ó kàn ní tó bá lọ, òun á máa gbààwẹ̀. Ọlọ́gbẹ́ inú wo ló ń gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́?

Màsúdát rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ìbéèrè kan wá gbà á lọ́kàn. Bí ilá bá lè gbẹ di orúnlá, tí iṣu sì lè gbẹ di èlùbọ́, kí ló wá ṣe gbẹ̀gìrì tí kò lè gbẹ?

Ó bo ẹ̀wà, ó sè é títí ó fi rọ̀, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí ọ̀rá, ó sì sá a sóòrùn ọyẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó gbẹ, ó yan án díẹ̀, ó gbé e lọ síbi ẹ̀rọ, ó dúró ti ọlọ́lọ̀ kó má baà lọ̀ ọ́ lẹ́yìn ata ẹlòmíì. Ó po iyọ̀, irú gbígbẹ àti edé lílọ̀ mọ́ ọn, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó dé e. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ṣí i, ó ti bu. Obìnrin mìíràn ì bá pòṣé, kó dà á nù. Màsúdát gbé ìgò síta, ó ń wo abẹ́ ìdérí rẹ̀, ó rí omi tó sẹ̀ síbẹ̀. Ìyẹ̀fun náà ò tíì tutù tó fi dé e! Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí òrùka tó sọnù.

Ó ṣe òmíràn, ó jẹ́ kó tutù pátápátá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó da omi gbígbóná sí i, ó bò ó. Ó kánjú ṣí i, ó ṣì le lẹ́nu rẹ̀ bí iyanrìn. Ó tún ṣe òmíràn, ó ní sùúrù fún un, ni gbẹ̀gìrì bá dé. Ó bu epo díẹ̀ sí i, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀, kò sọ fún un pé inú ìgò ló ti wá. Àáfà lá ọwọ́, ó ní "Alhamudulilai," bó ṣe máa ń wí láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra.

Ó wá ku bí Àáfà yóò ṣe máa ṣe é. Omi gbígbóná nìkan ni ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n sè, ti àlùwàlá ìdájí. Kì í wo aago. Ohun tó bá ń kà ló fi ń mọ bí àkókò ṣe ń lọ. Màsúdát wá fi lẹ́tà kéú, ìkọ̀wé Lárúbáwá, kọ ọ́ sára ìgò kọ̀ọ̀kan pé: omi gbígbóná ife méjì, bò ó, ka Súrà Yáàsínì lẹ́ẹ̀kan kí o tó ṣí i. Ó to ogójì ìgò sórí pẹpẹ ní pálọ̀, níbi tí Àáfà ti ń gba àlejò tó ń wá àdúà, torí ooru pọ̀ ní ilé ìdáná, oòrùn sì ń wọ yàrá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìlọrin, ẹ bá mi wò ó. Ìyẹ̀fun nínú ìgò, lórí pẹpẹ Àáfà, kéú lára rẹ̀, tó ní kí a ka Yáàsínì sí i. Kí lẹ máa pe ìyẹn?

Ní Ọjọ́rú, ìpè dé pé wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí Kamilah, ó bí ọmọbìnrin. Màsúdát sáré lọ ra ìborùn ọmọ ní Ọjà Tuntun. Àáfà wà níbi òkú kan ní abúlé, Rasheedah, àbúrò Àáfà, ló wá ń ṣọ́lé. Nígbà tí Màsúdát fi máa dé, ìgò mẹ́rin ló kù lórí pẹpẹ.

Tayọ̀tayọ̀ ni Rasheedah fi ròyìn. Àlejò méjì ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n kà á, wọ́n bèèrè, òun sì fún wọn. Ni èèyàn bá ń pe èèyàn wá. Ọ̀kan gbà á fún ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò, ọ̀kan fún èyí tí kò tíì rọ́kọ. Òun alára bu ṣíbí mẹ́ta lá ní gbígbẹ nítorí orúnkún rẹ̀, orúnkún náà sì ti ń fúyẹ́.

Màsúdát rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló rántí Kamilah tó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ ní Minna, ẹ̀rín bá di ẹkún. Ọjọ́ Sátidé ló yẹ kó lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀wà ń lò lóòrùn.

Àáfà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní wọ́n á sọ pé òun fi ẹ̀wà tan aráyé jẹ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó dìde ní mọ́sáláṣí àdúgbò, ó sọ fún wọn pé oúnjẹ ni, pé iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó òun ni, pé òun ò lè jẹ ti ẹlòmíì, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá a padà. Màsúdát wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, ó ń gbọ́. Ìgò mẹ́fà ló padà. Bàbá Abdulganiyu, télọ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn, mú tirẹ̀ wá ní òfìfo.

"Àáfà, ẹ forí jì mí," ni bàbá náà wí. "Láti ìgbà tí ìyàwó mi, Ìyá Ahmad, ti kú, gàrí ni mò ń mu. Àná ni mo tó jẹ ọbẹ̀ gbígbóná nínú ilé mi. Mo rò pé àdúà yín ló ṣe é."

Àáfà gba ìgò náà. Bó ṣe ń lọ sílé, ó dúró lójú ọ̀nà de ìyàwó rẹ̀, èyí tí kò ṣe rí. Nígbà tí wọ́n délé, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyá Kamilah," ó ní, "bó bá jẹ́ ìwọ ló kọ́kọ́ lọ ńkọ́? Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí o ń gbé iyọ̀ sí."

Àánú rẹ̀ ṣe Màsúdát. Ó gbé agolo iyọ̀ jáde lẹ́yìn ìkòkò omi, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Àáfà ká apá jálàbíà rẹ̀ sókè, wọ́n sì jọ bo ẹ̀wà títí di ìrun Àsárì, Màsúdát ń sọ fún un bí yóò ṣe sè é àti bí yóò ṣe sá a.

Ní àárọ̀ Sátidé, Àáfà fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì Màsúdát dé ibi mọ́tò. Ó ní kó má pe òun ní ọ̀sán yẹn, òun ti ránṣẹ́ sí Bàbá Abdulganiyu, àwọn méjèèjì á wà nídìí ẹ̀wà, wọ́n á sè é, wọ́n á sì sá a.