Òtẹ́ẹ̀lì Àárín Ariwo

Iṣẹ́ òru ni Màmá Nọ́ọ̀sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ṣe tọ̀sán, wọn a máa ṣe tòru, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, òru nìkan ló yàn, kó lè wà nílé nígbà tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tíṣà, ló máa ń wá sùn ti ọmọ náà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí àwọn ẹlòmíràn ń wẹ̀, tí wọ́n ń fín lọ́fínńdà, tí wọ́n ń jáde lọ fàájì, Màmá Nọ́ọ̀sì a wọ aṣọ funfun, a sì gba iwájú ilé ijó kan kọjá lọ sí wọ́ọ̀dù. Orin a sìn ín dé ìkóríta, a sì padà lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n bi í pé kí ló wù ú. Wọ́n rò pé yóò ní òun fẹ́ sinmi.

"Mo fẹ́ lọ sí ìlú ńlá kan lókè òkun, irú èyí tí wọn kì í ti í sùn," ló wí. "Mo fẹ́ jó lóru, kí n sùn lọ́sàn-án, kí ẹnikẹ́ni má sì pè mí pé kí n wá wo ìgbóná ara ẹnikẹ́ni."

Ọmọ rẹ̀ ti di ẹnjiníà tó ń kọ́ afárá. Ó rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó rí i pé ẹ̀rín òun nìkan ló ń dún nínú pálọ̀, ó dákẹ́.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká rò ó. Orúnkún yín ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́?"

"Orúnkún mi náà ló máa gbé mi lọ. Ẹ̀jẹ̀ yẹn sì ti ń ru tipẹ́, ó yẹ kó ríbi gidi ru sí."

Ẹnjiníà mọ ìyá rẹ̀. Bó bá ti ní ọ̀tún lòun ń lọ, ẹṣin ò lè fà á sósì. Ló bá gbà. Ó ní kí Tíṣà bá a lọ, ó sì ní òun fúnra òun lòun máa bá wọn wá òtẹ́ẹ̀lì tó dáa.

"Kó wà láàárín ìlú o," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ibi tí mo ti lè fẹsẹ̀ rìn lọ síbi ijó, kí n sì fẹsẹ̀ rìn bọ̀."

"Mo ti gbọ́, Màámi."

Gbígbọ́ ló gbọ́. Kò ṣe é.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gúnlẹ̀ síbẹ̀. Takisí tó gbé wọn ní pápákọ̀ òfurufú gba àárín ìlú kọjá, ẹnu sì ya Màmá Nọ́ọ̀sì. Iná aláràbarà ń tàn lára ògiri. Wọ́n ti to àga sẹ́bàá títì, àwọn ènìyàn sì ń sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni pé gbogbo wọn jọ jẹ́ ìyekan. Ọkùnrin kan dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń dán fèrè wò. Màmá Nọ́ọ̀sì yí gíláàsì ọkọ̀ wálẹ̀.

"Ibí ni! Àbúrò mi, ibí ni!"

Takisí ò dúró. Ó kọjá lórí odò, ó kọjá láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí, ó ń lọ, ó ń lọ, títí tó fi jẹ́ pé igi nìkan ló kù lọ́tùn-ún lósì. Òtẹ́ẹ̀lì tó já wọn sí mọ́ tónítóní. Kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ nípọn débi pé èèyàn ò lè gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn arúgbó kan ń mu tíì láìsọ̀rọ̀. Obìnrin tó wà nídìí káńtà sọ fún wọn pé ọkọ̀ èrò tó ń lọ sáàárín ìlú kì í ṣiṣẹ́ mọ́ tílẹ̀ bá ti ṣú.

Inú Tíṣà dùn dé ẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí bẹ́ẹ̀dì! Ẹ tiẹ̀ gbọ́ bí ibi gbogbo ṣe pa rọ́rọ́!"

Màmá Nọ́ọ̀sì ti fa aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní òdìkejì títì, ilé gàgàrà kan dúró, iná funfun kan náà ló ń tàn nínú gbogbo fèrèsé rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn dúró sẹ́nu géètì. Àwọn obìnrin kan há báàgì sábíyá, wọ́n ń rìn wọlé, wọn ò yára, wọn ò sì falẹ̀. Ó mọ ìrìn yẹn dáadáa.

"Iṣẹ́ òru ni wọ́n ń lọ gbà," ló wí. Ó mú fóònù.

"Màámi! Ẹ ti gúnlẹ̀? Ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Ewu iná kì í pa àwòdì. Ta ló ní kó o kó mi wá síwájú ilé ìwòsàn?"

"Mo rò ó pé tí nǹkan kan bá ṣe yín lóru..."

"Nǹkan bíi kí ni? Ijó?"

"Màámi, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ojú fèrèsé ni mo máa ń dúró sí lẹ́yìn tí ẹ bá ti jáde, títí oorun á fi gbé mi. Òru ló máa ń gbà yín lọ́wọ́ mi. Mi ò fẹ́ kó tún gbà yín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá lára ṣinṣin. Ó rọra jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo Tíṣà. Tíṣà wolẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Àǹtí rẹ ò sọ ọ́ fún mi rí. Pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà gbọ́ tèmi. Òru tó gbà mí lọ́wọ́ rẹ yẹn, kì í ṣe fún ara mi ni mo lò ó. Mo ti gbẹ̀bí lóru, mo ti pa ojú òkú dé lóru, mo ti di ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù ikú ń bà mú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò tíì fi òru ṣe ni kí n gbádùn. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ o. Mò ń sọ fún ọ ni."

"Tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, mi ò ní lè sùn, Màámi."

"Àìsùn ò pààyàn. Bi mí."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Tíṣà gbìyànjú láti dá a dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin méjì, arúgbó méjì, ní ìlú tí a ò ti mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì!"

"Ọ̀tún òsì ọ̀hún la fẹ́ lọ mọ̀. Gbé báàgì rẹ."

Wọ́n wọ ọkọ̀ èrò padà sáàárín ìlú. Òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sí wà lókè ilé ijó gan-an. Màmá Nọ́ọ̀sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri yàrá. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ ògiri ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. "Ẹni tó bá sùn níbí yóò di adití," ló wí, wọ́n sì jáde. Èkejì lẹ́wà ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró kan ni wọ́n máa gbà débẹ̀, iná ojú ọ̀nà náà sì ti fọ́. Obìnrin kan ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí ọ̀nà náà, ó fi ọwọ́ bo ojú bí ẹni tí ilẹ̀ ṣú bá, ó sì ṣe bí ẹni ń bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, ṣé wàá gbà á?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Wọ́n kí i, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n rí ọ̀kan ní kọ̀rọ̀ òpópónà tí àwọn ilé ijó wà. Tí èèyàn bá yọjú, á rí wọn. Tó bá yí kọ̀rọ̀, ariwo á lọ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì títí di àfẹ̀mọ́jú wà ní iwájú rẹ̀, nítorí náà iná kì í kú níbẹ̀, ènìyàn kì í sì í tán. Màmá Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fi yàrá ẹ̀yìn han òun. Ó ti fèrèsé, yàrá dákẹ́. Ó ṣí i, orin wọlé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí káńtà wo irun funfun orí wọn. "Màmá, ariwo pọ̀ ládùúgbò yìí. Ṣé kí n júwe ibòmíràn tó dákẹ́ fún yín?"

"Ibi tó dákẹ́ la ti ń bọ̀. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Lálẹ́, Màmá Nọ́ọ̀sì wọ aṣọ pupa kan tí Tíṣà ò rí lọ́rùn rẹ̀ rí. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ijó wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó ní bóyá ọmọ wọn ni wọ́n wá mú lọ sílé.

"Ọmọ wo? Ijó la wá jó," ni Màmá Nọ́ọ̀sì wí, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ó jó. Kò mọ orin náà, orin náà ò sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìdí ò nílò ògbufọ̀. Orúnkún rẹ̀ kọ̀, ó jókòó, ó bá a wí, ó tún dìde. Tíṣà há báàgì mọ́ àyà lórí àga fún ìgbà pípẹ́, títí bàbá arúgbó kan fi wá tẹrí ba níwájú rẹ̀. Kí Màmá Nọ́ọ̀sì tó mọ̀, báàgì ti wà lórí itan òun, àbúrò rẹ̀ sì ti wà láàárín agbo, ó ń pa àtẹ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ nílé ìwé. Nínú gbogbo èrò ibẹ̀, kò sẹ́ni tó pe Màmá Nọ́ọ̀sì ní nọ́ọ̀sì.

Ní gbogbo ìyókù ìsinmi wọn, bí wọ́n ṣe ṣe nìyẹn. Bí Ẹnjiníà bá pè lọ́sàn-án, Tíṣà á ní ìyá rẹ̀ ń sùn. Òótọ́ ló sì sọ.

Ọjọ́ tí wọ́n padà dé, Ẹnjiníà ò wá pàdé wọn. Awakọ̀ ló rán. Ọ̀sẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó yọjú sílé ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀.

"Ṣé ẹ jó?" ló béèrè nígbẹ̀yìn.

"Mo jó títí orúnkún mi fi wú."

"Ẹ rí i! Ohun tí mò ń sọ nìyẹn!"

"Mo rí i. Mo fi omi gbígbóná jó o, mo tún padà lọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ẹnjiníà, ó gbé e mì. "Nígbà míì, Màámi, ẹ jẹ́ kí n bá yín wá òtẹ́ẹ̀lì tó..."

"Rárá."

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ó sì fọwọ́ pa á lórí bó ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé bí òjò bá ti dá, òun àti Tíṣà ti rí ìlú mìíràn, àti pé bí Ẹnjiníà náà bá fẹ́ bá àwọn lọ, àyè wà. Inú Ẹnjiníà ò tíì dùn délẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀, kò sì bẹ̀ ẹ́.