Iná Inú Kòtò

Ìgbẹ́ ni mo fi ń yan búrẹ́dì. Kí ẹnikẹ́ni má yínmú sí mi. Ìgbẹ́ àwa ará ilé àti ti màlúù ẹ̀yìnkùlé ló ń já sínú kòtò kan tí a fi sìmẹ́ńtì bò pa. Ibẹ̀ ló ti ń di gáàsì, páìpù á sì gbé e wá sídìí ààrò mi. Iná rẹ̀ kì í rùn. Àwọn oníbàárà mi kì í béèrè, èmi náà kì í sọ.

Oṣù tí ọmọ mi gbé ìyàwó wálé ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ó wá kú pátápátá. Ilé ìwé tí mò ń kó búrẹ́dì fún ní àwọn ò lè fi ebi pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí ààrò mi. Bí iná ò bá tètè padà, àwọn á wá ẹlòmíràn. Mo bú màlúù. Mo bú oníṣẹ́ páìpù.

Oníṣẹ́ páìpù wá, ó ṣí kòtò, ó fimú gbóòórùn rẹ̀. "Ìyá Oníbúrẹ́dì, ta ló ń da oògùn apakòkòrò sí ilé ìgbẹ́ yín?"

Ìyàwó ọmọ mi nawọ́ sókè tẹ̀ríntẹ̀rín. "Èmi ni, sà. Àràárọ̀ ni mò ń dà á, odindi ike kan. Mi ò fẹ́ kí Màmá sọ pé ọ̀bùn lọmọ wọn fẹ́."

"Háà! Kòkòrò àìfojúrí inú kòtò yẹn ló ń sọ ìgbẹ́ di gáàsì. Ẹ ti pa wọ́n tán."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Inú bí mi, mi ò ní parọ́. Mo ní, "Ìyá Onímọ̀ọ́tótó, o fọ ilé, o sì fọ oúnjẹ ẹnu wa dànù!" Ó bú sẹ́kún.

Oníṣẹ́ páìpù ní ká kó ohun tó wà nínú kòtò dànù, ká wá máa po ìgbẹ́ màlúù tútù mọ́ omi, ká máa dà á sí i títí kòkòrò mìíràn á fi gbèrú. Mo fẹ́ pe alágbàṣe. Ìyàwó kọ̀. Ó kúnlẹ̀ ti àgbá tí a kó ìgbẹ́ àti omi sí, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Ó ń bì, ó ń pò.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ tó wá kí i bá a, nínú aṣọ funfun báláú. "Yéè! Ṣé iṣẹ́ tí o wá ṣe nílé ọkọ nìyí? Dìde, ká máa lọ!"

Ọmọ náà ò dìde. "Màmá mi, ẹ dúró lọ́hùn-ún kó má ta sí yín láṣọ. Èmi ni mo pa iná ilé mi, èmi ni màá tàn án."

Iná náà padà, àmọ́ ó pẹ́ ju bí ilé ìwé ṣe lè dúró lọ. Mi ò tíì mọ ìyẹn lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó pe ilé wa ní ilé tirẹ̀. Mo gbé àga fún àna mi, mo ká aṣọ sókè, mo kúnlẹ̀ ti ọmọ mi, mo bá a po ìgbẹ́.