Gúúsù Tí Aago Fi Hàn

Ọ̀gá àgbà náà wà nínú odò, ó kẹ̀yìn sí aṣọ́gbó tó mú un wá, ó ń bomi sára, ó sì ń kọrin sínú. Aago ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àpáta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wù tó bọ́ sílẹ̀. Aṣọ́gbó náà fa kókó kékeré tó wà létí aago jáde, ó yí i síwájú títí ọwọ́ kékeré tó ń sọ wákàtí fi kúrò lórí méjì tó bọ́ sórí mẹ́ta. Wákàtí kan péré. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkùnrin náà lè fura. Ó tẹ kókó náà padà, ó gbé aago sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe bá a, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Kò ní tan ara rẹ̀ jẹ, inú rẹ̀ dùn gan-an ni.

Inú igbó yìí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kú sí. Ẹ̀gbọ́n yìí ló ń bá ọ̀gá náà gbé irinṣẹ́ nígbà tí ọ̀gá ṣì ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń wọn ààlà igbó, ọ̀gá fi í sílẹ̀, ó ní òun ń lọ mú ọkọ̀ wá. Ó ní bí òun bá pẹ́, kó fi aago àti oòrùn wá gúúsù, kó máa lọ tààrà, yóò bọ́ sí títì. Ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀, ọ̀gá pẹ́. Inú àbàtà tó wà lápá ìlà-oòrùn ni wọ́n ti rí òkú ọmọ náà, níbi tí ẹni tó ń lọ sí gúúsù kò ní ohunkóhun í ṣe. Ọ̀gá búra níwájú adájọ́ pé gúúsù ni òun sọ, adájọ́ sì gbà á gbọ́. Ìyá wọn ni kò gbà. "Ó ṣi ọmọ mi lọ́nà ni," ni ìyá ń wí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, títí àbúrò fi dàgbà, tó gba iṣẹ́ aṣọ́gbó nínú igbó kan náà, tó sì ń dúró de ọkùnrin náà.

Nígbà tí wọ́n sọ ní ọ́fíìsì pé ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì ń bọ̀ wá wo àwọn òkúta ààlà àtijọ́, òun ló kọ́kọ́ nawọ́ pé òun á mú un lọ. Ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá gbé ṣíbí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án o," ni ìyá wí. "Ṣáà fi í síbẹ̀. Jẹ́ kí ojú tiẹ̀ náà rí i."

Ọkùnrin náà jáde nínú omi, ó wọ ẹ̀wù, ó so aago mọ́ ọwọ́ láìtilẹ̀ wò ó. Aṣọ́gbó dìde. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ yìí pa mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jókòó ná, mo fẹ́ lọ mú ọkọ̀ wá. Bí mo bá pẹ́, ẹ fi aago àti oòrùn wá gúúsù, kẹ́ ẹ máa lọ tààrà. Ẹ óò bọ́ sí títì."

Ó ń wo ojú rẹ̀. Ojú náà yí padà lóòótọ́, ó sì gbádùn rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọmọ kan nìyẹn," ni bàbá náà wí. Ó rọra jókòó. "Kò jìnnà síbí. Aago ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń wá gúúsù. Ó mọ̀ ọ́n débi pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn tó kú, mo máa ń padà wá dúró níbi tí mo fi í sí, mo máa ń ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Títì ni mo ń bọ́ sí. Gbogbo ìgbà."

"Bóyá ẹ ṣì í lọ́nà ni." Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ìyá rẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò bá a jiyàn."

Inú túbọ̀ bí i. Kí ló dé tí ọkùnrin yìí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀? Kó kú síbẹ̀ ni. Kí ẹrẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

"Nawọ́ rẹ wá," ni ọ̀gá wí. "Aṣọ́gbó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé aago méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Kọjú ọwọ́ kékeré sí oòrùn báyìí. Àárín òun àti méjìlá, ibẹ̀ ni gúúsù. Ṣé o rí i? Tèmi àti tìrẹ bára mu rẹ́gí." Ó nàka. "Ọ̀hún nìyẹn."

Àbàtà ni ìka rẹ̀ dojú kọ.

Ó wo aago méjèèjì. Mẹ́ta, mẹ́ta. Ti ọ̀gá wà lórí mẹ́ta nítorí pé òun fọwọ́ ara òun yí i. Tirẹ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò yí i. Aago ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ òkú tí wọ́n sì kó fún ìyá wọn pẹ̀lú bàtà rẹ̀.

Nílé wọn, kò sí aago tó ń sọ òótọ́. Ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pípẹ́ dé ẹnu iṣẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá fi wákàtí kan kún gbogbo aago ilé, tara ògiri àti tọwọ́ àwọn ọmọ. "Kẹ́sẹ̀ yín lè yá," ló máa ń wí. Ó mọ́ wọn lára débi pé bí èèyàn bá bi wọ́n pé aago mélòó ló lù, wọn á ti yọ wákàtí kan kúrò kí wọ́n tó lanu. Wọn kì í rò ó. Ṣùgbọ́n ta ló bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní aago mélòó lọ́jọ́ yẹn? Ó kọjú ọwọ́ aago sí oòrùn bó ṣe bá a lójú aago, láìyọ wákàtí kan kúrò, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe kọ́ ọ, ó sì ń lọ tààrà sínú àbàtà.

"Ṣé ó ti yé ọ?" ni bàbá náà wí.

Ó ṣì lè fi í síbẹ̀ kó máa lọ. Ẹnikẹ́ni kò ní bi í. Ìkórìíra náà ṣì wà nínú rẹ̀ digbí, kò dín rárá, ó kàn ń wá ẹni tí yóò dà lé lórí ni. Ó dúró síbẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Ọ̀gá, ẹ bọ́ aago yín fún mi."

Ọkùnrin náà bọ́ ọ láìbèèrè. Lójú ọ̀gá ni aṣọ́gbó ti fa kókó náà jáde tó yí i padà sí méjì. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ aṣọ́gbó tí kò yí, ó dá a mọ̀ pé ti ọmọ náà ni, ó wo oòrùn, ó wo ojú aṣọ́gbó pẹ́. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wọn ilẹ̀ ni, ìṣirò náà kò gbà á ní àkókò.

"Ìwọ ni àbúrò rẹ̀."

"Èmi ni, sà. Ìyá wa ló ń fi wákàtí kan kún gbogbo aago wa."

"Ṣé ìyá yín mọ̀ pé ohun tó ṣì í lọ́nà nìyẹn?"

"Rárá."

Bàbá náà gba aago rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti so ó mọ́ ọwọ́. Aṣọ́gbó bá a so ó.

"Má sọ fún un o," ni ọ̀gá wí. "Mo bẹ̀ ọ́. Jẹ́ kó máa ṣépè fún mi lọ."

Aṣọ́gbó mú iwájú, ó ń tẹ koríko mọ́lẹ̀ fún un, wọ́n sì kọrí sí títì. Ìyá rẹ̀ á ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn báyìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò sì bèèrè: ṣé o fi í síbẹ̀? Ó wá yé e pé ọkùnrin tí òun fẹ́ pa lónìí nìkan ni yóò máa bá òun gbé àṣírí náà títí ìyá òun yóò fi kú.